Wúrà Ti Dé sí Ellenwood

Ọwọ́ méjì ló di ẹrù kan ṣoṣo mú lọ́jọ́ tí Hephzibah kọ́kọ́ pàdé Adégbénró, díẹ̀ ló sì kù kó dìjà.

Ilé ìyá àgbà òyìnbó kan tó ti ṣaláìsí ní Decatur ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe estate sale, wọ́n ń ta gbogbo ẹrù rẹ̀ láti pálọ̀ títí dé garage. Nọ́ọ̀sì ni Hephzibah, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé apartment kan ní Riverdale. Nǹkan tí yóò fi gé yàrá rẹ̀ sí méjì ló wá wá, nítorí Mummy kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé láyé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, ohùn rẹ̀ á tẹ̀ lé e, kó o tó dáhùn ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Níbi tó ti ń yẹ ẹrù wò ló ti rí pátákó aláwẹ́ mẹ́fà kan tó ṣeé ká. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n sì ya àwọn obìnrin kan sí i tí irun wọn gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ lé aṣọ. Ó dì í mú. Bó ti gbójú sókè báyìí, ọkùnrin gíga kan ti di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.

“I saw it first,” ni Hephzibah wí.

Ọkùnrin náà gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé Yorùbá ni yín?”

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà náà o. Ohùn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òyìnbó yìí, tí òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu wọn.

“Yorùbá ni mí. Mi ò sì ní fi í sílẹ̀.”

“Ẹ máa mú un.” Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “But please, ṣé mo lè máa wá wò ó?”

“Kí lẹ fẹ́ máa wá wò?”

“Screen yẹn.”

“Ta ní ń lọ kí pátákó nílé onílé?”

“Èmi,” ni Adégbénró dáhùn, kò sì fi ṣeré rárá.

Ohun tó mú Hephzibah fún un ní nọ́ńbà, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó mọ̀ ni pé títí tó fi délé ló ń wo mirror, bóyá ọkọ̀ ọkùnrin náà ń tẹ̀ lé òun lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-285.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Inú ilé ìfura ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Deacon ni bàbá rẹ̀, èèyàn tó mọ Bíbélì í kà. Gbogbo Saturday ló máa ń ní òun ní overtime ní Conyers. Kò purọ́ nípa Conyers. Ohun tí kò sọ ni pé overtime náà máa ń se ọbẹ̀ dè é, ó sì ti bí ọmọ fún un. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, Mummy ò pariwo. Ó kó aṣọ bàbá síta, ó yí kọ́kọ́rọ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti di olùṣọ́. “Ìfura loògùn àgbà,” ni Mummy máa ń wí. Hephzibah tí kì í ṣe àgbà ti ń bá a lo oògùn náà láti kékeré.

Adégbénró wá kí pátákó lóòótọ́. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Mummy gbalaja, débi pé bàtà rẹ̀ kan bọ́ sábẹ́ tábìlì. Inú Mummy kọ́kọ́ dùn. Ó bu oúnjẹ fún un, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?”

“Warehouse ni, mà. Èmi ni mo máa ń sọ ibi tí àwọn truck máa lọ.”

“Níbo ni warehouse ọ̀hún wà?”

“Conyers, mà.”

Ṣíbí Mummy kò dé ẹnu mọ́. Ó wo Hephzibah, Hephzibah wò ó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ìfura. Adégbénró á jókòó sílẹ̀ níwájú pátákó náà, á máa ṣàlàyé àwòrán fún Hephzibah. Ó ní ààfin ọba Japan láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń ya irú rẹ̀. Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ń kó àwòrán sí nígbà tó wà ní elementary school, ó rí ọ̀kan, látìgbà náà ni kò ti gbọ́kàn kúrò lára wọn mọ́.

“Wò ó, Heph. Àwọn obìnrin ààfin kì í jẹ́ kí ọkùnrin rí ojú wọn. Ẹ̀yìn aṣọ títa ni wọ́n máa ń jókòó sí. Sleeve wọn nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kó yọ síta. Àwọ̀ lórí àwọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkùnrin ti máa mọ irú ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ.”

“Tó bá wá gbé e délé tó rí i pé kò léyín ńkọ́?”

Adégbénró rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra fọwọ́ kan etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. “Sleeve tìrẹ ni mo kọ́kọ́ rí ní Decatur, before your face. Scrubs blue, sweater yellow yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹni yìí máa ń tètè gbọ́ òtútù.”

Ọjọ́ yẹn ni Hephzibah mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì bà á gan-an. Ta ló tún kíyè sí i pé òtútù ń mú un láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti lọ?

Nígbà tí Adégbénró fi òrùka sí i lọ́wọ́, ó ti ra ilé sí Ellenwood, ní àdúgbò tuntun kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra wọn bí ìbejì. Ìta nìkan ló jọra ṣá. Kò ra àga ńlá aláwọ bíi tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Tábìlì tó lọ sílẹ̀ ló gbé sí pálọ̀, ó ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé sí àárín yàrá, ó sì gbé àwòrán ààfin kọ́ káàkiri ògiri: àwọn ìjòyè onífìlà dúdú, àwọn obìnrin tí ojú wọn jẹ́ ilà kan, tí imú wọn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, àti àwọsánmà aláwọ̀ góòlù tó bo ibì kan mọ́lẹ̀, tó ṣí ibì kan sílẹ̀.

Ó pe Mummy wá wo ilé kí wọ́n lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Mummy rìn yí ilé po pẹ̀lú báàgì lápá. Ó dúró síwájú àwòrán tó tóbi jù. Ilé ni wọ́n yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Láti òkè lèèyàn ti ń wo inú gbogbo yàrá, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ìkòkò.

“Adégbénró, òrùlé ilé yìí dà?”

“Bí wọ́n ṣe máa ń yà á nìyẹn, mà.”

“Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

Ó la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi dáhùn, kò rí i. Ó fi ọwọ́ ya nǹkan lójú afẹ́fẹ́, ó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mummy yà kúrò níbẹ̀, ó dé yàrá ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò ṣí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má ṣí ìyẹn. Kò tíì yá.”

Wọn ò tíì jáde tán ní Ellenwood tí Mummy fi bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò. “Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èyí ò tiẹ̀ wá ní àjà rárá! Mi ò ní dá ọjọ́ kankan títí tí màá fi mọ ohun tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn.”

“Mummy, àwòrán lásán ni.”

“Àwòrán kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ra.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Hephzibah náà ti gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ Wúrà ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

Ní ọjọ́ Sunday kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn ni, Hephzibah ń wá Adégbénró láàárín àwọn mọ́tò ní parking lot. Ó rí i tó kẹ̀yìn, tó gbé fóònù sétí, tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Wúrà ti dé, sà. Ó rẹwà gan-an! Mo fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Rárá, sà, Heph ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kó mọ̀... Ó fẹ́lẹ́ púpọ̀, sà. Tí mo bá mí sí i lára báyìí, ńṣe ló máa ń gbọ̀n. Saturday ni. Èmi àti Wúrà nìkan.”

Hephzibah di ara mọ́tò ẹnìkan mú títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀, ó wá rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìfẹ́ mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Adégbénró ta gìrì. “Uncle Akín ni.” Uncle Akín ni bàbá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Yorùbá. Adégbénró ti di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nítorí kó lè máa bá Mummy sọ̀rọ̀ dáadáa.

“Kí lẹ ń sọ?”

“Lesson lásán ni.”

“Saturday ńkọ́? Ṣé a máa jọ jáde?”

Ó họ orí. “Saturday... Mo ní overtime.”

“Níbo?”

“Conyers now. Níbo tún ni?”

Ojú rẹ̀ ni Hephzibah ń wò, ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí.

Nígbà tó délé tó rò fún Mummy, Mummy ò ké. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé itan. “Wúrà. Ṣé Wúràọlá ni àbí Wúrà lásán?”

“Mi ò mọ̀, Mummy.”

“Ó sì fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn.” Mummy mi orí. “Ó ṣe tán, bàbá rẹ ò gbé tiẹ̀ wá sínú ilé.”

Hephzibah bú sẹ́kún. Ó ń sunkún nítorí pé ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó sì tún ń sunkún nítorí pé ibì kan nínú ọkàn rẹ̀ ń wí pé ṣé o ò rí i, mo sọ ọ́.

Ní Saturday náà, ìyá àti ọmọ wọ mọ́tò lọ sí Ellenwood. Ọkọ̀ Adégbénró wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò lọ sí Conyers kankan. Hephzibah fi kọ́kọ́rọ́ tó fún un ṣílẹ̀kùn. Ilé náà móoru, Adégbénró ti pa AC, ó sì ti ti gbogbo fèrèsé. Wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ títa kọjá jẹ́jẹ́, Mummy níwájú, àfi bí ọlọ́pàá. Láti yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ ohùn Adégbénró.

“Rọra. Rọra, Wúrà. Yes. Beautiful.”

Hephzibah ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, atẹ́gùn wọlé.

Àfi bíi pé oòrùn ló fọ́ sínú yàrá. Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán gbéra nílẹ̀, ó fò, ó ya, ó tún fò. Ó lẹ̀ mọ́ àjà, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó bà lé Mummy lórí gèlè, ó lẹ̀ mọ́ Hephzibah lẹ́rẹ̀kẹ́ níbi tí òógùn wà. Adégbénró kúnlẹ̀ láàárín rẹ̀, ó fi mask bo ẹnu àti imú, ó di ẹ̀mú oparun kan mú tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Ta ni Wúrà?” Hephzibah pariwo. “Níbo ló wà?” Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí closet. Búrọ́ọ̀ṣì, gọ́ọ̀mù àti bébà ló wà níbẹ̀.

Adégbénró yọ mask. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. “Wúrà?” Ó tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hephzibah. “Òun nìyẹn. Gold. Wọ́n lù ú fẹ́lẹ́ bíi bébà kí n lè fi ṣe àwòrán. Ṣé gold kọ́ ni wúrà?”

Hephzibah fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ Yorùbá wo,” ni Hephzibah wí, “ọmọ Yorùbá wo ló ń pe gold ní wúrà lórí fóònù?”

“Uncle Akín ò gbà kí n fi English kankan sí i. Kí ni ẹ̀yin ń pè é?”

“Gold!” ni ìyá àti ọmọ jọ dáhùn.

Mummy mú góòlù kan kúrò lórí gèlè rẹ̀, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. “Inú Bíbélì nìkan ni mo ti máa ń bá wúrà pàdé,” ni ó wí jẹ́jẹ́, ó sì wá ibi tó máa jókòó sí, kò rí.

Ìgbà náà ni Hephzibah tó rí pátákó tó wà nílẹ̀ níwájú Adégbénró. Aláwẹ́ mẹ́fà ni bíi ti Decatur, ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Ilé tí wọ́n dúró sí yìí gan-an ni, tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí kúrò. Kìṣíńnì wà níbẹ̀, garage wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ààfin ń fọ abọ́ nídìí sink. Obìnrin kan tó lójú ilà àti imú ìwọ̀ jókòó sẹ́yìn aṣọ títa, apá aṣọ rẹ̀ sì yọ jáde, blue lókè, yellow díẹ̀ nísàlẹ̀.

Hephzibah sún mọ́ ọn.

“O sọ fún mi nípa Daddy rẹ,” ni Adégbénró wí. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tò wọ́n síra. “O ní gbogbo ìgbà lo máa ń rò ó pé, what's behind the door? Mo wá rò ó pé màá ya ilé kan fún ọ tí kò lórùlé. Kí ìwọ àti Mummy lè rí gbogbo yàrá. Kí ẹ má ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́. I wanted it ready for the wedding.”

“Gold ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀, ojú ń tì í. “Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bò. Yàrá tiwa. Ìyẹn nìkan ni kò yẹ kí Mummy rí.”

Mummy wúkọ́.

“Ṣùgbọ́n o ní overtime,” ni Hephzibah wí. Omi ti ń dà lójú rẹ̀, ó ń gbé góòlù lọ sí àgbọ̀n rẹ̀. “O wo ojú mi, o ní overtime ní Conyers. Ọ̀rọ̀ tí Daddy máa ń sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.”

Adégbénró jókòó sílẹ̀ pátápátá. “Mi ò mọ̀. Heph, I swear, o sọ Conyers fún mi, o ò sọ overtime. Mo purọ́. Má bínú.” Ohùn rẹ̀ wá yí padà. “Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o ò bi mí. O gbọ́ orúkọ kan, o ti dájọ́. Tí mo bá tún ti ilẹ̀kùn lọ́la, ṣé o tún máa já a?”

Ó rọrùn láti sọ pé rárá. Hephzibah fẹ́ sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ìfura ogún ọdún kì í tán lára lọ́jọ́ kan.

“Mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní fura mọ́,” ni ó wí. “Ó ṣeé ṣe kí n máa fura. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Màá kàn án, màá dúró, wàá dá mi lóhùn. Adé mi, ṣé ìyẹn tó?”

Adégbénró nawọ́, ó mú góòlù tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò, kò yọ tán. “Ó tó,” ni ó wí.

Mummy ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo pátákó. Ó fi ìka tọ́ka sí obìnrin kan tó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lápá. “Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Kí ló dé tí mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà?”

“Ẹ ń ṣọ́ mi ni, mà.”

Mummy fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó tún wo ilé tó wà nílẹ̀ yẹn láti òkè. “Ẹnìkan ò sì tíì dá mi lóhùn o. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

Adégbénró tún la ẹnu, ó ń wá ọ̀rọ̀. Hephzibah ló dáhùn.

“A máa jọ tutù ni, Mummy.”

Mummy tún báàgì rẹ̀ gbé, ó ní òun ń lọ wo ohun tó wà nínú fridge, ó sì fa ilẹ̀kùn dé nígbà tó jáde.

Góòlù tó kù ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè bo igun kan. Adégbénró wọ mask fún Hephzibah, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú. Wọ́n jọ gbé góòlù kan sókè. Kò gbọdọ̀ sí èémí. Ó ń gbọ̀n láàárín wọn lóòótọ́, bí Adégbénró ṣe sọ fún Uncle Akín.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí nǹkan fi dún lára ilẹ̀kùn. Kó, kó, kó.

Wọ́n wo ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Hephzibah, kò gbọ́ ìró yẹn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí.

“Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o,” ni Mummy wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Mo ní kí n bi yín ni. November ti máa ń tutù jù. Ṣé October dáa fún ìgbéyàwó náà?”

Góòlù ṣì wà lẹ́nu ẹ̀mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Adégbénró mi orí pé ó dáa. Hephzibah náà mi orí, omi ń bọ́ sínú mask rẹ̀. Mummy ò lè rí wọn láti ibi tó wà, kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó dúró.